Ọmọ Tó Bá Ní Jẹnẹ́tíìsì Lòun Fẹ́ Kọ́, Ibo Ni Ká Rán An Lọ?

  

Àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB kì í pẹ́ dé, bó bá sì ti dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀: "Kí ni tìẹ fẹ́ kà?" Bí wọ́n bá ní dókítà, a ó dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní nọ́ọ̀sì, a ó ní ó dáa. Bó bá jẹ́ lọ́yà, a ó ní ẹnu rẹ̀ kúkú ti mú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa dìde nípàdé, ó ní ọmọbìnrin òun ní jẹnẹ́tíìsì lòun fẹ́ kọ́, òun ò sì mọ̀ bóyá kóun bá a yọ̀ ni tàbí kóun mú un lọ fún àdúrà. Ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín parí, ìbéèrè kò parí. Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Èló ni? Tó bá kọ́ ọ tán, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? A ti wádìí, a ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, ohun tí a rí la fẹ́ kọ síbí, a ó sì sọ èrò tiwa pẹ̀lú rẹ̀.

Jẹnẹ́tíìsì ni ìmọ̀ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọmọ ewúrẹ́, ìbáà jẹ́ irúgbìn. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́, tó pa èyí tó ń bí ìbejì mọ́, tó kó èyí tó ń bí ẹyọ kan lọ sọ́jà, ó ti ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹni tó ya èbù iṣu tó dáa sọ́tọ̀ de ọdún tó ń bọ̀, òun náà ń ṣe é. Tí àfẹ́sọ́nà ọmọ wa bá sì wọlé, tí a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí a ní, "Kí ni jínótáìpù rẹ?", inú ọ̀rọ̀ jẹnẹ́tíìsì gan-an la wà yẹn.

Ọ̀rọ̀ jínótáìpù yìí, àwa ìyá la mọ bó ṣe ń dunni tó. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kọ ọ́ pé bí ọmọ 150,000 là ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà tó ní àìsàn SS lára, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ìyá ìyá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ sàmì sí lára, àwọn dókítà kan gbà pé àìsàn yìí ló pa wọ́n. Títí di òní, a ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé bí AS bá fẹ́ AS, tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni, lójoojúmọ́ ayé. Oyún kejì kò mọ ohun tí oyún kìíní bí. Ẹ wo iye ìgbéyàwó tí gbólóhùn kan yìí ì bá tún ṣe ká ní ẹni tó lè fi èdè wa sọ ọ́ wà ní gbogbo ọsibítù tó wà ní àgbègbè wa! Iṣẹ́ kan nìyẹn fún ẹni tó kọ́ jẹnẹ́tíìsì, kí ó jókòó ti tọkọtaya kó ṣàlàyé. Sickle Cell Foundation tó wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ náà.

Ìtọ́jú tó lè wò ó sàn náà ti ń jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy, Amẹ́ríkà náà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá. Wọ́n á gba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún ojú ibì kan ṣe nínú jíìnì rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà, kí ara lè tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í tẹ̀ kọdọrọ bí ti SS. Obìnrin méjì, Jennifer Doudna ti Amẹ́ríkà àti Emmanuelle Charpentier ti ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2020 nítorí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ iye rẹ̀: mílíọ̀nù méjì dọ́là àti 200,000 lé, fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá ta gbogbo ìsọ̀ ọjà wa pẹ̀lú páànù orí wọn, kò lè tó fún ọmọ kan. Ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn pọ̀ sí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni oògùn ti ń jáde. Àwọn tó máa wá èyí tí agbára wa ká, àfi kí wọ́n ti àárín wa jáde.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí SS, ká bọ́ sórí gàrí. Gbogbo wa la mọ ibà Lassa. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára ibi tó ti ń jà jù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àìmọye ọkọ̀ ló sì ti gbé aláìsàn kọjá níwájú wa lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Ẹdó, Oǹdó àti Èbònyì ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ̀rù ba àwọn onímọ̀ pé bóyá kòkòrò náà ti yí padà, bóyá ara ènìyàn ló ti ń ran ènìyàn báyìí. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ni, ṣé ọjà wa lè ṣí? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Irrua àti ní Yunifásitì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Jámánì àti Amẹ́ríkà, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n ka jíìnì kòkòrò inú rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ti aláìsàn kan kò jọ ti èkejì, pé púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ara eku ló ti bá oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, eku ni ká dojú ìjà kọ, kì í ṣe aládùúgbò wa. Ẹ dé gàrí, ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa eku ilé ìkẹ́rùsí, ẹ máa tajà yín lọ. Jẹnẹ́tíìsì ló sọ èyí fún wa, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì kan igbá tó wà níwájú wa tààrà.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Ẹdẹ yẹn, tí wọ́n mọ̀ sí ACEGID, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, ló ń darí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó fìdí Ebola múlẹ̀ nígbà tó wọ Èkó ní 2014. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, àwọn ló kọ́kọ́ ka jíìnì rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹdẹ o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo níbí.

Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, a ò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní TMS 30572, tí kì í tètè gbà fún àrùn tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di kókókó, IITA ní Ìbàdàn ló ṣe é. Dókítà Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, ló darí iṣẹ́ náà láti 1971, inú àwọn ará Ìkirè sì dùn dé ibi pé wọ́n fi í joyè Séríkí Àgbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ oníyẹ̀lò tó ní fítámì A nínú, tí gàrí rẹ̀ ń pọ́n láìsí epo, jáde ní 2011. (Àwa tí à ń fi epo pupa tan oníbàárà jẹ pé yẹ̀lò ni, ẹ jẹ́ ká rọra.) Ẹ̀wà tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe ní Zaria, SAMPEA 20-T, gba ìwé àṣẹ ní 2019. Kòkòrò tó ń jẹ èso rẹ̀ lóko ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe kòkòrò inú àpò. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ẹ̀wà tí kì í ní kòkòrò nínú àpò ni, tó fẹ́ tà á lówó gọbọi, ẹ lé e. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, a ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò rẹ̀, ó yẹ kí ọmọ ọlọ́jà wà nínú yàrá náà, ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ tó sì mọ bí àpò ẹ̀wà ṣe ń wúwo.

Ó yá, ilé ẹ̀kọ́ wo?

Ohun tó ń dààmú òbí jù ni orúkọ. Wọ́n á ní kí ọmọ wá ibi tí wọ́n kọ "Genetics" sí lára ògiri. Irú rẹ̀ wà. Yunifásitì Èkó ní Àkọkà ní ẹ̀ka Cell Biology and Genetics. Ti Calabar ní Genetics and Biotechnology. FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ẹ̀ka Animal Breeding and Genetics fún ẹran ọ̀sìn, ó sì ní ti irúgbìn lọ́tọ̀. FUTA ní Àkúrẹ́ níbí ní ẹ̀ka Biotechnology. Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá ní Plant Science and Biotechnology.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ti débẹ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó dá ẹgbẹ́ onímọ̀ jẹnẹ́tíìsì ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, tó di olórí ìwádìí ní ilé iṣẹ́ jíìnì ìjọba Amẹ́ríkà ní 2021, Biochemistry ló kọ́kọ́ kà, ní Yunifásitì Benin. Benin tó wà lẹ́bàá wa yìí! Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ayé ń pè fún ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú tó ń mú àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà tí a ṣì kéré, iṣẹ́ dókítà ló kọ́ ní Ìbàdàn, ó jáde ní 1980. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbò ti FUNAAB, ọ̀nà ẹran ọ̀sìn ló gbà. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, iṣẹ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, láti ara adìẹ ìbílẹ̀ tí à ń lé kúrò nídìí àgbàdo. Ẹni mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Kò sí ìkankan nínú wọn tó tẹ̀lé orúkọ ara ògiri.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan fi máa ń dùn wá. Ọmọ á yan Medicine, máàkì rẹ̀ ò ní tó, ilé ẹ̀kọ́ á fún un ní Botany tàbí Zoology. Ọjọ́ yẹn, ilé á dà bí ilé ọ̀fọ̀. Ìyá á ní, "Botany? Ṣé ewé ló fẹ́ máa tà ni? Ṣé mo rán an lọ síwèé kó lè wá bá ẹlẹ́wé ọmọ jókòó?" Ọmọ á jókòó sílé lọ́dún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ó ń dúró de Medicine. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀ka tí a ń sunkún lé lórí yìí gan-an ni ẹnu ọ̀nà jẹnẹ́tíìsì. Botany, Zoology, Biochemistry, Microbiology, iṣẹ́ àgbẹ̀, inú wọn ni àwọn onímọ̀ yìí ti ń jáde. Ní dígírì àkọ́kọ́, ìpìlẹ̀ lọmọ ń kó. Dígírì kejì ni yóò ti yan ojú ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi jókòó sílé, kò sí ẹni tó lè san án padà fún un.

Nítorí náà, dípò orúkọ, ẹ lọ wo yàrá ìwádìí. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ fún Post-UTME, ẹ má jókòó sábẹ́ igi. Ẹ bá àwọn ọmọ tó ti wà ní ọdún kẹta sọ̀rọ̀, àwọn ni kì í purọ́. Ẹ bi wọ́n: ṣé iná ń wà nínú lábù? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fọwọ́ kan maikirosíkópù ní sáà yìí, àbí ara pátákó ni wọ́n yà á sí? Ibo ni wọ́n ń rán yín lọ fún IT? Ìbéèrè ti IT yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ọmọ tó bá lo oṣù mẹ́fà ní IITA, tàbí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́, tàbí nínú lábù ọsibítù ńlá, á ti fojú rí ohun tí ẹlòmíràn kà lásán nínú ìwé. Ọmọ tó bá lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ní ọ́fíìsì mọ̀lẹ́bí, ìwé ẹ̀rí nìkan ló ní. Kí ẹ sì rí i dájú pé NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀ka náà, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan.

Bí ẹ bá ní kí àwa yàn fún ọmọ Ìdóàní tí ìyá rẹ̀ ń ta gàrí tàbí iṣu, FUTA la ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, owó rẹ̀ kò le bíi ti àdáni, a lè ti ibí gba Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, ká sì gbé oúnjẹ ránṣẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ràn oko tàbí ẹran, FUNAAB ni, ẹ má jẹ́ kó lọ síbòmíràn. Àkọkà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àfi kí máàkì rẹ̀ ga, kí ẹ sì ní ẹni tó lè gbà á sílé l'Ékòó, torí owó yàrá ní Yábàá lè ju owó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Benin sún mọ́ wa, ilé ẹ̀kọ́ tó dáńtọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ọ̀nà yẹn ń bà wá lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka lóṣù Kọkànlá 2020, ìyá tó bá ní ọmọ òun ò ní máa gba ọ̀nà náà lọ bọ̀, a ò lè bá a jà.

Redeemer's ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni lábù ńlá yẹn wà? Àwọn kan ti ń ro ilẹ̀ tí wọ́n máa tà. Ẹ dúró ná. Àwọn tó ń ka dígírì kejì àti ìkẹta ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀ dìídì ń kọ́. Ọmọ lè ka dígírì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kó jáde pẹ̀lú máàkì tó dáa, kó wá gba Ẹdẹ lọ lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ ju bó ṣe wà fún ọmọ kékeré lọ. Ilẹ̀ tí a bá tà lónìí kì í padà.

Ẹni tó bá ní ìyanṣẹ́lódì ló ń dẹ́rù ba òun ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kò jẹ̀bi. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU fi ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ wa ń bá wa dé igbá lọ́jà. Àwa ṣì fara mọ́ ti ìjọba, nítorí ọ̀nà jẹnẹ́tíìsì gùn, ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán ní ibùsọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rin ìyókù.

Ti owó, ọ̀nà kan tún ti là. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, di fífọwọ́sí ní oṣù Kẹrin 2024. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó sí tààrà, wọ́n sì tún ń fún ọmọ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù láti fi jẹun. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tí ọmọ bá ti ríṣẹ́, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí a fi sọ ohun tí a sọ. A mọ̀ pé gbèsè ò dùn létí ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò tíì gba ọjà àwìn rí?

Ọmọ tí JAMB bá wọ́ nílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó sọ̀rètí nù. Pólì Rufus Gíwá wà ní Ọ̀wọ̀ níbí, wọ́n ń kọ́ Science Laboratory Technology. Ọmọ tó bá fi ọdún méjì gba ND tó mọ́gbọ́n dání, ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásitì. Lójú wa, ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ máa ń já fáfá nínú lábù ju ti àwọn tó wọlé tààrà lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá bá wa nídìí ìsọ̀ pé àwọn lè bá wa gba dígírì kíákíá ní Kùtọnu, ẹ sá fún wọn bí ẹni sá fún iná. Ní oṣù Kejìlá 2023, oníròyìn kan tú àṣírí bí òun ṣe gba dígírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìlọ sí kíláàsì. Lóṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin Republic àti Tógò dúró. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti jíìnì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ta ni yóò na apá sí i?

Ohun kékeré kan tún wà tó ń ba ńlá jẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ kún fọ́ọ̀mù. Ọmọ ọ̀kan nínú wa san owó ní búkà kọ̀ǹpútà kan, ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ fi Government rọ́pò Physics torí pé ó ń kánjú. Wọ́n ò mọ̀ títí ìdánwò fi ku ọ̀la. Jẹnẹ́tíìsì àti àwọn ẹ̀ka tó sún mọ́ ọn, Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics ni wọ́n sábà máa ń béèrè ní JAMB, kírédíìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, tí Mathematics gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ yẹ ìwé JAMB fúnra rẹ̀ wò, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kan lè yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sókè kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Owó wa ni, ohùn wa kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ńkọ́? A ò ní tan yín. Ọmọ tó bá fẹ́ jáde lónìí kó gba owó lọ́la, kó má wá síbí. Dígírì kan kì í sábà tó. Ilé iṣẹ́ 54gene tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú ariwo pé àwọn fẹ́ ka jíìnì ọmọ Áfíríkà, tó rí owó ńlá gbà lókè òkun, ó ti kógbá sílé ní 2023. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní láti wá ibòmíràn lọ. Ìyẹn kò ní ká má sọ pé ọsibítù ńlá ń wá wọn, àwọn ilé iṣẹ́ irúgbìn ń wá wọn, àwọn ilé ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn ń wá wọn, ilé ẹ̀kọ́ gíga sì ń wá olùkọ́. Púpọ̀ ni yóò lọ sí òkè òkun fún dígírì kejì, àwọn kan kò sì ní padà. Ìyá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wà nítòsí, kó mọ èyí kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Sí àwọn tó ń béèrè pé obìnrin tó bá kà tó báyìí, ṣé yóò rọ́kọ fẹ́: Olópadé lọ́kọ, ó sì bímọ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an rèé. Kì í ṣe yunifásitì ló kọ́kọ́ ń dí ọmọ wa lọ́nà. Physics ni. Ọmọ tí kò rí olùkọ́ Physics fún ọdún méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibo ló fẹ́ gba wọ Àkọkà? Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ń lọ sí lẹ́sìnì ní ìrọ̀lẹ́, tiwa ń gbé igbá. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ wa ń ra aṣọ àjọ̀dún, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá owó rẹ̀, a ó sì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wọ inú àpótí. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ń dábàá pé lọ́dún yìí kí a lo ti èṣí, kí a sì fi owó aṣọ náà gba olùkọ́ Physics kan àti ti Mathematics kan, kí wọ́n máa wá kọ́ àwọn ọmọ gbogbo ọlọ́jà lọ́jọ́ Sátidé láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lè dá owó, kó wá bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú. Aṣọ ẹgbẹ́ dùn, ó ń fi wá hàn níbi ìnáwó, àwọn aránṣọ wa náà sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Kí wọ́n wá sọ tiwọn ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, a ó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà kí a dìbò. Ẹni tó bá ní ọmọ ní SS2 tàbí SS3, kó mú ìwé máàkì rẹ̀ ti sáà tó kọjá wá, kí akọ̀wé lè kọ orúkọ sílẹ̀, kí a mọ iye àga tí a máa yá.